Àwọn Mẹ́fà Tó Gbé Pósí: Bí A Ṣe Tọpa Ìdílé Awakùsà Kan Láti Butte Padà sí Írẹ́lándì

Gígé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ni Màmá kan mú wá sọ́dọ̀ mi. Inú Bíbélì ìyá rẹ̀ ló ti bá a. Ó ti pọ́n bí ewé tó gbẹ, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ. Kò sí orúkọ ìwé ìròyìn lára rẹ̀, kò sí ọjọ́. Ìlà mọ́kànlá péré ló wà níbẹ̀: Jeremiah Sullivan, awakùsà àtijọ́, ti kú ní ilé rẹ̀ ní Butte ní ìpínlẹ̀ Montana, lẹ́ni ọdún 65. Queenstown ní Írẹ́lándì ni wọ́n ti bí i. Ó ti lo ọdún 27 ní Butte. Ó fi ìyàwó, ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin kan sáyé lọ. Ọmọbìnrin yẹn ni ìyá tó bí ìyá Màmá. (Mo dárúkọ Sullivan láìbẹ̀rù, torí orúkọ yẹn pọ̀ ní Butte débi pé kò lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni.)

Iṣẹ́ ilé ìkówèésí ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé ni mo wà. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń fẹ́ kí n bá wọn rí ọba tàbí ológun ńlá nínú ìran wọn. Màmá yìí ò bèèrè ọba. “Abúlé wo ni?” Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí lójú ẹsẹ̀, torí bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè nílé wa náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ abúlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Írẹ́lándì. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí abúlé wẹ́wẹ́ tó lé ní 60,000, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìdílé kan nínú ìwé ìsàmì tàbí ìwé owó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń wá nínú wọn. Ìwé ìkànìyàn ìbá gba ènìyàn là, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ti 1821 sí 1851 jóná mọ́ ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Four Courts ní Dublin, lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà 1922, nígbà ogun abẹ́lé wọn. Ti 1861 sí 1891, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí wọ́n run wọ́n. Ti 1901 ni àkọ́kọ́ tó kù lódindi. Ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun fún tọmọdé tàgbà, tolówó tìwọ̀fà, kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1864, bàbá yìí sì ti di géńdé nígbà yẹn. Ìwé tó fi di ọmọ Amẹ́ríkà ńkọ́? Kí 1906 tó dé, “Írẹ́lándì” ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, ó tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sáré lọ sídìí ìkéde òkú. Nígbà míì, òun nìkan ni ìwé tí ẹnì kan ti la ẹnu dárúkọ abúlé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yí gígé ìwé náà padà. Ẹni tó gé e kò bìkítà fún ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló bá mi sọ̀rọ̀. Ìdajì ìpolówó ọjà ni: orí tòlótòló kan, iye tí wọ́n ń tà á ní ìwọ̀n pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, àti apá kan ọ̀rọ̀ tó júwe ọdún Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Oṣù Kọkànlá nìyẹn. Ìkànìyàn 1900 fi bàbá náà hàn láàyè. Nínú ti 1910, opó ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ ìyàwó rẹ̀. Oṣù Kọkànlá mẹ́wàá ló wà láàárín méjèèjì. Ìwé adírẹ́sì ìlú Butte ti 1883 ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọjú, mo ro ọdún 27 mọ́ ọn, ó bọ́ sí 1910, mo bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Kọkànlá tó ṣáájú rẹ̀, ti 1909, n ò sì tíì lo wákàtí kan nídìí rẹ̀ tí mo fi rí i.

Nígbà tí mo ka odindi rẹ̀, mo rí i pé àlùmọ́gàjí ti gé ìlà kan sọnù nísàlẹ̀. Ìlà náà ní kí àwọn ìwé ìròyìn Michigan jọ̀wọ́ tún un tẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tó túmọ̀ sí: ẹbí wà ní Michigan tó gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn náà ni mo fi í sílẹ̀, torí ojú mi ti wọ Queenstown.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí Queenstown. Mo rí Jeremiah Sullivan kan tí wọ́n sàmì fún níbẹ̀ ní 1844, ọdún náà gan-an tí ọjọ́ orí inú ìwé ìròyìn júwe. Orúkọ pé, ọdún pé, ìlú pé. Mo fóònù Màmá. Ó sunkún lórí fóònù. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Cork, ìpínlẹ̀ tí Queenstown wà.

Àfi bí ọkàn mi ò ṣe balẹ̀. Mo lọ wo ìkànìyàn 1901 ti ìlú náà, mo bá Jeremiah Sullivan kan níbẹ̀, ó ń rán aṣọ ìgbòkun ọkọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ wà nínú ilé. Mo wá ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, torí ìyẹn máa ń sọ orúkọ bàbá ọkọ àti iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá kan náà ni pẹ̀lú ti ọmọ tí mo rí nínú ìwé ìsàmì. Ọmọ tí mo fún Màmá kò kúrò ní Queenstown rí láyé rẹ̀. Nígbà tí tiwa ń wa bàbà lábẹ́ ilẹ̀ Montana, òun ń ránṣọ.

Mo pe Màmá padà. N ò ní sọ bí ìpè yẹn ṣe rí.

Ṣé ìwé ìròyìn purọ́ ni? Rárá. Èbúté ni Queenstown. Cove ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, wọ́n yí orúkọ náà padà ní 1849 nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ṣàbẹ̀wò síbẹ̀, ní 1920 wọ́n dá a padà sí Cobh. Àìmọye ará Írẹ́lándì ló ti ibẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ta ló wá sọ fún oníròyìn pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá sí? Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà ni, ẹni tí wọ́n bí ní Michigan tí kò sì fojú kan Írẹ́lándì rí. Ó gbọ́ lẹ́nu bàbá pé “a kúrò ní Queenstown,” ó sì di ibi ìbí. Bí ìgbà tí ẹnì kan gbọ́ pé Àpápá ni bàbá òun ti wọkọ̀ ojú omi, tó wá ń sọ fún aráyé pé ọmọ Àpápá ni bàbá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà kò sí nínú ìkéde òkú rárá. Butte nígbà yẹn ní ju ìwé ìròyìn kan lọ, wọ́n sì ń bára wọn díje. Mo lọ wo èkejì, mo sì tẹ̀ síwájú kọjá ọjọ́ ikú dé ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tí wọ́n ròyìn ìsìnkú. Ìpínrọ̀ kékeré ni: máàsì ní ìjọ St. Patrick, ìsìnkú lẹ́yìn rẹ̀, òdòdó láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́. Àwọn tó gbé pósí ló wà ní ìparí, mẹ́fà: Harrington méjì, Shea kan, Sullivan kan, Dwyer kan, Lowney kan.

Mo jókòó, mo ń wo Lowney. Sullivan wà níbi gbogbo ní gúúsù Írẹ́lándì. Shea pọ̀. Harrington máa ń tọ́ka sí ìwọ̀ oòrùn Cork, ṣùgbọ́n ó tún wà níbòmíràn. Lowney kò rí bẹ́ẹ̀. Etí òkun Beara, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn Cork, ni ìdílé Lowney ti ṣẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n sì wà lẹ́yìn ibẹ̀. Tí Lowney bá dúró láàárín Harrington, Shea àti Dwyer, tí gbogbo wọn jọ gbé pósí kan, kì í ṣe àwọn tó kàn ń kọjá lọ ni wọ́n. Ará ilé ni wọ́n. Nílẹ̀ wa náà, a kì í pe èrò ọ̀nà láti wá gbé òkú bàbá ẹni.

Ìgbà náà ni Michigan padà wá sí mi lọ́kàn pẹ̀lú ìtìjú. Ní Allihies ní Beara, wọ́n ti ń wa bàbà láti 1812. Ọ̀dọ́ ibẹ̀ mọ kòtò ìwakùsà, ó mọ òòlù, ó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ àpáta. Nígbà tí iṣẹ́ dín kù, ibi tí bàbà wà ni wọ́n forí lé: Hancock àti Calumet ní àríwá Michigan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Butte, nígbà tí iná mànàmáná jẹ́ kí gbogbo ayé máa wá wáyà bàbà. Ibi ìwakùsà Allihies fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé ní àwọn ọdún 1880. Marcus Daly, ẹni tó dá iléeṣẹ́ ìwakùsà Anaconda sílẹ̀ ní Butte, ọmọ Írẹ́lándì láti Cavan ni, kì í sì í lé ará ilé padà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó fi di 1900, bí a bá ka ènìyàn mẹ́rin ní Butte, ó súnmọ́ pé ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì tàbí ọmọ tí wọ́n bí. Queenstown kì í ṣe ìlú awakùsà. Ó yẹ kí n ti rò ó.

Mo fi Sullivan sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé Lowney. Ó kú ní 1913, àpọ́n, kò bímọ. Ìkéde òkú àpọ́n kì í sábà gùn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gùn ju ti Jeremiah lọ. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìlà kejì: ilé opó Jeremiah Sullivan ló kú sí, yàrá ló háyà níbẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Opó náà ló bá oníròyìn sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ kọ́ ló ṣojú rẹ̀. Ó ní Allihies ni wọ́n ti bí Lowney, pé òun àti ìbátan rẹ̀, “olóògbé Jerry Bawn” (Jerry ni ìkékúrú Jeremiah), ni wọ́n jọ lọ sí Hancock nígbà èwe.

Ọkùnrin kan ṣoṣo, ìwé ìròyìn kan ṣoṣo: ọmọ sọ Queenstown, ìyàwó sọ Allihies. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti kọ òótọ́ kan sínú fáìlì, mo máa ń kọ ẹni tó ṣeé ṣe kó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnì kan ò tíì tó. Mo lọ sí Michigan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́ tí Ilé Ìkówèésí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ “Sullivan”. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì ló já lù mí. Èyí tó tún burú ni pé kọ̀ǹpútà tó ka àwọn ìwé náà ṣi púpọ̀ kà: “Sulhvan”, “Snllivan”, “Sullwan”. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan wo ìpolówó “Ọ̀rẹ́ Tó Sọnù” tí ìwé ìròyìn Pilot ní Boston ń tẹ̀ láti 1831 sí 1921, níbi tí àwọn ará Írẹ́lándì ti ń wá ẹbí wọn tó dàwátì. Abúlé kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹni tó ń wá Beara á rí Beara. Ti ìdílé wa kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé mo yéé wá orúkọ. Mo tẹ “Butte” àti “arákùnrin” papọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn Michigan, bẹ̀rẹ̀ láti 1900. Ní ìgbà yẹn, ìwé ìròyìn máa ń fi orúkọ ọkọ bo obìnrin mọ́lẹ̀, ó lè kú kí o má mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. “Ìyàwó Patrick Harrington” ni wọ́n pe ẹni tí mo rí, ó kú ní 1908, ọdún kan ṣáájú Jeremiah. Sullivan kò sí nínú ìkéde náà rárá àfi nínú ìlà tó kẹ́yìn: ó fi arákùnrin kan sílẹ̀, Darby Sullivan, ní Butte. Ibi ìbí rẹ̀: ibi ìwakùsà Berehaven, ní Cork. Berehaven yìí ni orúkọ tí wọ́n ń pe ibi ìwakùsà Allihies.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan wò ó, ó ní Darby kọ́ ni Jeremiah. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀. Diarmuid ni orúkọ náà lédè Írẹ́lándì. Àlùfáà àti akọ̀wé kò rí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu, wọ́n ń sọ ọ́ di Jeremiah nínú ìwé, Darby ni ó ń jẹ́ lẹ́nu ará ilé. Bákan náà ni Tadhg ṣe di Timothy, tí Conchobhar di Cornelius, tí Honora, Nora àti Hanora jẹ́ ẹnì kan. Nílé wa, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ṣàngódélé ní agboolé lè di Samuel ní ọjọ́ ìsàmì, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á wá máa wá Samuel káàkiri ibi tí kò sí Samuel.

Ẹ̀rí méjì, ẹnu méjì tí kò mọ ara wọn, ìpínlẹ̀ méjì, ibì kan náà. Ó kù kí a rí i nínú ìwé ìsàmì. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú: Allihies wà ní Cork lójú ìjọba, ṣùgbọ́n lójú ìjọ Kátólíìkì, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Kerry ni Beara wà. Ẹni tó bá jókòó ti ìwé dáyósíìsì Cork á wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti 2015 ni ilé ìkówèésí àpapọ̀ Írẹ́lándì ti gbé àwòrán ìwé ìsàmì Kátólíìkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo ṣí wọn, mo sì ń ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Tádàwà ti ṣá, àlùfáà náà ń kọ̀wé bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

Jeremiah Sullivan mẹ́rin ni mo rí láàárín ọdún mẹ́jọ. Mẹ́rin nínú ìjọ kan! Ohun tó gbà wá ni ìyẹn tí opó sọ ní 1913: “Bawn”. Sullivan pọ̀ ní Beara débi pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àlàjẹ́ tirẹ̀, ohun tí oríkì orílẹ̀ ń ṣe fún wa ni ó ń ṣe fún wọn. Bawn ni “funfun”, bóyá torí irun babańlá kan. Lókè orúkọ bàbá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, àlùfáà ti kọ “Bawn” wẹ́wẹ́, bí ẹni pé òun náà ti ṣi wọ́n mú rí. Ìyá ìsàmì ọmọ náà, Lowney ni. Bàbá àti ìyá kan náà tún mú ọmọbìnrin kan wá fún ìsàmì ní 1843, orúkọ rẹ̀ sì bá ti ìyàwó Harrington mu nínú ìkànìyàn Hancock. Ọmọkùnrin àgbà tí Jeremiah bí ní Michigan ń jẹ́ orúkọ bàbá tó wà nínú ìwé yìí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn: àkọ́bí ọkùnrin ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ìkejì ń jẹ́ orúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Wọn kì í dúró kí bàbá àgbà kú kí ó tó di Babátúndé.

Ọdún ìsàmì náà ni 1838. Bàbá tí wọ́n ní ó kú lẹ́ni ọdún 65 ti lé ní 70. Kì í ṣe ohun ìyanu. Ọjọ́ orí kì í dúró lójú kan nínú ìwé ìgbà yẹn. Arákùnrin rẹ̀ tó kù sílé jẹ́ ẹni ọdún 54 ní ìkànìyàn 1901, ó sì di ẹni ọdún 71 ní 1911, ìyẹn lẹ́yìn tí òfin 1908 ti ní kí wọ́n máa fún àwọn tó bá pé 70 ní ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀.

Fún Màmá, ọdún mẹ́fà yẹn ju ìṣirò lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé wọn ni pé bàbá kò mọ nǹkan kan nípa Ìyàn Ńlá, pé ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ ọ́ rí. 1845 ni àrùn kọ lu pòtétò, èyí tí àwa ń pè ní Áíríìṣì lọ́jà. Kí 1852 tó parí, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó sá lọ. Ọmọ ọdún méje ni Jeremiah nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó rí i. “Nígbà náà, ó mọ̀,” ni Màmá wí, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bí ẹnì kan bá gbé irú gígé ìwé bẹ́ẹ̀ wá báyìí, n kì í bẹ̀rẹ̀ níbi orúkọ òkú mọ́. Mo máa ń ka ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ikú nínú gbogbo ìwé ìròyìn tó wà ní ìlú: ìròyìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí ẹbí tẹ̀, ìrántí ọdún kan. Mo máa ń ya orúkọ àwọn tó gbé pósí sọ́tọ̀ sí ojú ìwé kan, mo sì ń wo èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mò ń fi àkókò ṣòfò lórí àjèjì. Kí wọ́n máa wí. Mo tún pinnu pé n ò ní fóònù oníbàárà torí ìwé ìsàmì kan ṣoṣo mọ́, bó ti wù kó bá ohun tí à ń wá mu tó, títí n ó fi mọ ibi tí ọmọ inú rẹ̀ parí ayé rẹ̀ sí.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ-ọmọ Màmá kò ṣòfò. Ọlọ́run ló yọ mí: pápákọ̀ Cork kan náà ni wọ́n ń gbà dé Cobh àti Allihies, ó kàn wa mọ́tò pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: ilé ẹ́ńjìnnì ìwakùsà tó ti wó lórí òkè, òkun lẹ́yìn rẹ̀.

Opó náà ló kù tí a kò tíì rí ilé rẹ̀. Òun ló mọ abúlé Lowney, òun ló mọ àlàjẹ́ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú ní 1921, ọmọkùnrin àgbà yẹn náà ló tún bá oníròyìn sọ̀rọ̀. “Ọmọ Írẹ́lándì” ni wọ́n kọ. Mo ti rí ìròyìn ìsìnkú rẹ̀ báyìí. Sullivan mẹ́ta, Harrington kan, Shea kan ló gbé pósí, àti Crowley kan tí kò sí níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Crowley yẹn ni mò ń wá lọ́wọ́.